Àgbàrá Òjò Kò Lóun Ò Nílé Wó: Ìtàn Odò Ògùnpa àti Ohun Tó Kan Ìkẹ́rẹ́ Níbẹ̀



Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti ọ̀rọ̀ ìfura la sábà máa ń fi í ṣàlàyé. A kì í sábà rántí pé ọ̀rọ̀ omi gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti rí ilé tí àgbàrá wó, ó sì ti rí ilé tí kò wó. Ó mọ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe àánú òjò, iṣẹ́ ọwọ́ onílé ni.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni onílé máa ń ṣe tí kò fi ní gbà fún àgbàrá? Ìtàn Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn la ó fi dáhùn rẹ̀, nítorí kò sí odò kékeré mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìlú le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó padà sílé, sí ẹsẹ̀ Olósùnta.

Ìlú orí òkè tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò

Àwa ọmọ Èkìtì mọ Ìbàdàn dáadáa, ogun Kírìjì ló mú wa mọra. Ṣùgbọ́n kí a gbé ti ogun tì ná, kí a wo bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Ibùdó ogun ni. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ̀tá kì í kọ́lé sí kòtò, orí òkè ló máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí àárín Ìbàdàn àtijọ́ fi wà lórí Òkè Màpó àti àwọn òkè tó yí i ká. Odò wà nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ọ́n, wọ́n ń padà sókè. Bí Ògùnpa bá kún, ibi tó máa tẹ́ omi rẹ̀ sí wà nílẹ̀: pápá, ọ̀gbún, àti àbàtà ẹ̀gbẹ́ odò.

Nígbà tó di 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ọjà àti owó tẹ̀lé e. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ràn kì í ṣe orí òkè, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Báyìí ni Dùgbẹ̀ àti Gbági ṣe di ojúkò òwò, tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti báńkì kóra jọ síbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò kékeré náà sì wá ibi tó sún mọ́ wọn. Ọjà Ògùnpa gan-an, orúkọ odò ló ń jẹ́. Ìlú sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ó lọ jókòó sórí ibùsùn odò.

Òwe mìíràn tún wà tó bá ibí yìí mu: àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, àbàtà ẹ̀gbẹ́ odò a gbẹ, koríko a hù sí i, ẹni tó bá dé á rò pé ilẹ̀ lásán ni. Ilẹ̀ yẹn máa ń wọ́n níye, nítorí ó sún mọ́ ọjà, kò sì sí àpáta níbẹ̀ tí ènìyàn máa fọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí odò ni. Ọjọ́ tí odò bá ń ṣe ìnáwó, yóò ránṣẹ́ pè é.

Ọjọ́ tí Ògùnpa ya

Odò náà kò ṣàì kìlọ̀. Ó ya ní 1960, ó tún ya ní 1963. Ní 1978 ó gbé ènìyàn lọ, ó sì wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sunkún, wọ́n á sin òkú, wọ́n á ṣèpàdé, ẹ̀rùn á dé, wọ́n á tún ilé kọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ni èyí tó borí gbogbo wọn. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ògùnpa kún, ó ya, ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mọ́tò, ó gbé afárá. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọgbà ẹranko Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lẹ́bàá odò yìí kan náà, bá a lọ. Omi kó púpọ̀ nínú ẹranko ibẹ̀. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, kò sì tíì pé ọdún kan tí ìjọba alágbádá padà dé.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ògùnpa ti di ọ̀rọ̀ nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀ náà omíyalé kò jẹ́ àjèjì sí Yorùbá, ẹ sì lè tú u fúnra yín: omi, ya, ilé. Ṣùgbọ́n fún àwọn òbí wa tó gbọ́njú ní 1980, bí ẹ bá ti dárúkọ omíyalé, Ògùnpa ni wọ́n máa rántí. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ: ọmọ ọdún Ògùnpa.

Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

Àwọn kan ní Ọlọ́run ló bínú. Àwọn kan ní odò ló ń gba ẹbọ rẹ̀. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí ojú lè rí.

Èkíní ni òrùlé àti ọ̀dà títì. Ilẹ̀ tí igbó bo máa ń mu omi òjò, á mu ún díẹ̀díẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ fún odò díẹ̀díẹ̀. Páànù kì í mu omi, kọnkéré kì í mu omi. Bí ilé bá ṣe ń pọ̀ lórí àwọn òkè Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni òjò kan náà ń di àgbàrá púpọ̀ sí i, tó sì ń tètè dé odò ju ti àtijọ́ lọ. Omi tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí ọjọ́ méjì á dé láàárín wákàtí méjì.

Èkejì ni ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí. Ibi tí wọ́n bá ti ro ilẹ̀ tàbí tí wọ́n ti fi katapílà gé òkè, àgbàrá á kó erùpẹ̀ ibẹ̀ dání. Omi tó ń sáré lágbára láti gbé erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tó tẹ́jú tí eré rẹ̀ dín kù, ẹrù á wúwo fún un, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tó sì tẹ́jú ní Ìbàdàn ni Dùgbẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ènìyàn pọ̀ sí jù lọ. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni ìsàlẹ̀ odò ń ga sókè. Bí odò tó jìn ní mítà mẹ́ta bá ti gba mítà kan ẹrẹ̀, ìdá mẹ́ta àyè tó ní fún omi ti dín ní ẹyọ kan. Òjò kò ní láti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó ya.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí àti afárá. Pàǹtí tí wọ́n dà sódò kì í lọ síbi kan. Ó máa ń dúró ní abẹ́ afárá àti nínú ihò abẹ́ títì. Igi kan á fi há, àpò á rọ̀ mọ́ igi, ọ̀rá á rọ̀ mọ́ àpò. Kí a tó mọ̀, afárá ti di dáàmù. Omi á gorí ara rẹ̀ lẹ́yìn afárá, títí á fi gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀lú, tàbí títí afárá á fi já, tí gbogbo omi tó ti kó jọ á dà lu àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọnkéré dé

Lẹ́yìn 1980, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ Ògùnpa. Wọ́n fẹ́ fẹ odò náà, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, kí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè di gọ́tà ńlá kan láàárín ìlú. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọba alágbádá lọ, ológun dé, ológun mìíràn lé e kúrò, iṣẹ́ Ògùnpa sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin tó bá gba Ògùnpa kọjá lónìí á rí ojú odò oníkọnkéré yẹn.

Iṣẹ́ náà wúlò. Kọnkéré ń dán, omi ń sáré lórí rẹ̀ ju orí erùpẹ̀ àti koríko lọ, nítorí náà àárín ìlú á tètè gbẹ. Àmọ́ omi tó sáré kúrò níwájú ilé tìrẹ, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló sáré lọ. Ògùnpa ń ṣàn lọ dà sínú Odò Ọ̀nà ní gúúsù ìlú, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì máa gbà á. Kọnkéré kì í sì í lé ẹrẹ̀. Bí wọn kò bá ń kó o lọ́dọọdún, gọ́tà tó jìn lónìí á di pẹrẹsẹ lọ́la. Ṣíṣí iṣẹ́ ń mú fọ́tò wá, ẹrẹ̀ kíkó kì í mú fọ́tò wá. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa nìyẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa pẹ̀lú omijé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n gbára lé lórí odò Mississippi ni ògiri erùpẹ̀ gíga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ní odò kò ní ya mọ́. Ní 1927 odò já ògiri náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, ó sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbà pé ó yẹ kí odò ní ẹnu ọ̀nà tí omi àpọ̀jù lè gbà jáde. Àwọn ará Netherlands náà, lẹ́yìn ìkún omi 1993 àti 1995, dáwọ́ ògiri gíga nìkan dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún ògiri sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ibi kí odò lè ní àyè. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi sọ ọ́ nígbẹ̀yìn: fún odò láyè.

2011: ẹlòmíràn nínú ẹbí

Ìbàdàn gbájú mọ́ Ògùnpa, Odò Ọ̀nà ló wá ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 187.5 láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Kí iye yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí òjò yẹn bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní kìlómítà kan, tó gùn ní kìlómítà kan, omi tó bọ́ sílẹ̀ á tó lítà 187,500,000. Bí a bá fẹ́ fi kéègì onílítà 25 pọn ọ́n, kéègì 7,500,000 la máa nílò. Ìbàdàn sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba oko ẹja wọn jẹ́. Afárá Àpẹ́tẹ̀ já, ọ̀nà sì gé láàárín ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì ń gbé àti ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé wà lórí Odò Ọ̀nà láti 1942. Àwọn kan béèrè pé kí ló dé tí dáàmù kò fi dá omi dúró. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi mímu ni wọ́n kọ́ ọ fún. Dáàmù omi mímu máa ń fẹ́ kún ní gbogbo ìgbà kí omi má bàa wọ́n nígbà ẹ̀rùn. Dáàmù tó fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ ìkún omi gbọ́dọ̀ ṣófo kí òjò tó dé. Àgbá tó ti kún kò lè gba omi mọ́. Tí ẹrẹ̀ bá tún ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, àyè á tún kéré sí i.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣiṣẹ́ lórí ìkún omi Ìbàdàn. Àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé àti àwọn afárá wà nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kan fún gbogbo odò ìlú lápapọ̀. Ọdún 34 ló wà láàárín 1980 àti ìfọwọ́sí yẹn. Ọmọ ọdún Ògùnpa ti ń bímọ.

Odò ńlá, ọ̀rọ̀ kan náà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé odò kéékèèké nìkan ló ń ṣe báyìí. Odò Ọya fúnra rẹ̀ ní irú ẹjọ́ yìí. Ìkún méjì ló máa ń kó wá sí ilẹ̀ wa. Èkíní ni omi funfun, tó ń dé láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ, tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ nítorí òjò tòsí ló kó o wá. Èkejì ni omi dúdú, tó ti orí òkè Guinea wá, tó gba inú àbàtà ńlá Mali kọjá, tó sì sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tó wá ń dé ọ̀dọ̀ wa ní mímọ́ nígbà ẹ̀rùn. Dáàmù Káíńjì, tí wọ́n kọ́ láàárín 1964 sí 1968, ló ń gba méjèèjì. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ló kó kúrò nílé nítorí adágún rẹ̀, ìlú Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi títí dòní. Iná mànàmáná ń fẹ́ kí adágún kún. Ìbẹ̀rù ìkún omi ń fẹ́ kó ṣófo. Ẹni tó dúró nídìí ẹnu ọ̀nà omi ló máa pinnu.

Lórí odò Benue, orílẹ̀-èdè mìíràn ló dúró nídìí ẹnu ọ̀nà náà. Kamẹrúùnù parí dáàmù Lagdo ní 1982. Nàìjíríà gbèrò láti kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Ádámáwá kí ó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Nígbà ìkún omi 2012, tó pa ènìyàn 363 tó sì lé ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé, kò sí dáàmù náà. Nígbà ti 2022, tó pa ju 600 lọ, kò sí i síbẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe

Ìgèdè-Èkìtì ni Odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ní Òṣogbo, igbó tó yí i ká jẹ́ igbó ọ̀wọ̀. Wọn kì í kọ́lé síbẹ̀, wọn kì í gé igi, wọn kì í pẹja níbẹ̀. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ẹ̀sìn ló pa igbó yẹn mọ́, a kò sì ní sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àwọn baba wa ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èèwọ̀ náà ṣe: gbòǹgbò igi di erùpẹ̀ mú kí ó má ṣàn lọ sódò, ilẹ̀ sì wà tí odò lè tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tó bá kún. Ohun tí àwọn ará Netherlands ń fi owó ńlá rà padà, èèwọ̀ ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún wa ní àwọn ibì kan. Ibi tí a bá ti pa èèwọ̀ rẹ́ láìfi òfin rọ́pò rẹ̀, ihò la fi sílẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́?

Èkìtì kò ní Dùgbẹ̀, àmọ́ ó ní òkè. Olósùnta àti Òròlé jẹ́ àpáta gidi, àpáta kì í sì í mu omi. Òjò tó bá bọ́ sórí Olósùnta á sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tó ń gbà á ni ilẹ̀ eléwéko tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta, àti àwọn odò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn. Ní apá Ìsẹ̀ àti Èmùré, Odò Ògbèsè ló jẹ́ ọ̀gá. Ètò àwọn odò yìí wà lọ́wọ́ àjọ Benin-Owena, ọ̀kan nínú àwọn àjọ odò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976. Ṣùgbọ́n àjọ kì í gbé àdúgbò. Àwa la ń gbé e.

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Ìkẹ́rẹ́ ti di yunifásítì ní 2020, ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ti di òwò. Èyí dára, gbogbo wa la nílò ibùsùn. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìbàdàn ti sọ fún wa bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin dé, owó tẹ̀lé e, ilé tẹ̀lé owó, ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ẹ̀gbẹ́ odò sì ni ilé kọ́kọ́ ń wá. Tiwa kàn jẹ́ yunifásítì dípò ọkọ̀ ojú irin ni. Ìlú kékeré ni àyè ṣì wà fún láti yan ibi tí kò ní kọ́lé sí. Ìlú ńlá kò ní àyè yẹn mọ́, owó dọ́là ló fi ń wá a.

Àwa tí a ń kọ́ èdè ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ jẹ́ ìwé ìtàn. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, odò lè tọ́ka sí apá ìsàlẹ̀ ìlú, bí òkè ṣe ń tọ́ka sí apá òkè. Ẹ rántí Odò-Ọjà àti Òkè-Ìkẹ́rẹ́ níbí, àti Odò-Adó ní Adó-Èkìtì. Àwọn tó sọ ilẹ̀ lórúkọ mọ ibi tí omi ń lọ. Àwọn odò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí lórí máàpù kankan ní orúkọ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tó pọn wọ́n nígbà èwe wọn. Bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá lọ, orúkọ á bá wọn lọ, ẹni tó bá fẹ́ ta ojú odò ní pulọ́ọ̀tì kò sì ní rí ẹni tó máa dá a lẹ́kun.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Bí ẹ bá délé lásìkò ìsinmi, ẹ béèrè orúkọ odò àdúgbò yín, ẹ béèrè ibi tó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, ẹ béèrè ọdún tó ti ya rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn wa lè pè é dáadáa. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, ẹ wo ibi tí gọ́tà gbà lọ. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti wà nídìí iṣẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí owó ẹrẹ̀ kíkó máa wà nínú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún, kódà bí kò bá mú fọ́tò wá.

Òjò tó máa rọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wa. Ṣùgbọ́n òwe náà ní apá kejì: onílé ni kò ní gbà fún un.